Géènì dítẹ́kítọ̀ X-ray lójú òfuurufú: àwọn ìbéèrè tó ń padà wá ṣáá, àti ìdáhùn wọn

Mo kó wọn jọ síbì kan torí ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wa tó ń lo dátà sátẹ́láìtì X-ray ń bi ara wa. Chandra, sátẹ́láìtì NASA tó ń wo X-ray ojú ọ̀run, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jù torí ìtàn tiẹ̀ ló kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ lórí ọ̀rọ̀ géènì, ṣùgbọ́n a máa dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù náà.

Kíni wọ́n ń pè ní géènì yìí gan-an?

Tí fótọ́ọ̀nù X-ray kan (ẹyọ ìmọ́lẹ̀ X-ray kan) bá wọ inú sílíkónì dítẹ́kítọ̀, ńṣe ló máa já àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò níbi tí wọ́n wà, bí agbára fótọ́ọ̀nù yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni iye tó máa já ṣe máa pọ̀ tó. Nǹkan bíi 3.65 eV (eV ni wọ́n fi ń wọ̀n agbára, ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀ ni keV kan) ló ń lọ sórí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, torí náà fótọ́ọ̀nù 5.9 keV á já bíi 1,600 sílẹ̀. Ẹ̀rọ á kó gbogbo ẹ̀ jọ, á gbé e gba inú ámpílífáyà, á wá kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe agbára o, nọ́ńbà lásán ni. Géènì ni òfin tó ń sọ pé nọ́ńbà báyìí dúró fún eV báyìí.

Ẹni tó bá ti ra gàárì lọ́jà rí mọ ọ̀rọ̀ yìí. Kóńgò mẹ́ta ni wọ́n wọ̀n fún ẹ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti lu ìdí kóńgò yẹn wọnú ńkọ́? Mẹ́ta náà ni ẹ ṣì máa kà, gàárì inú àpò ló ti dín. Iṣẹ́ kálíbréṣọ̀n géènì ni ká máa yẹ ìdí kóńgò wò nígbà gbogbo, ìṣòro tiwa ni pé kóńgò náà wà lókè réré, ọwọ́ ò lè tó o.

Ṣé géènì kan ṣoṣo ni dítẹ́kítọ̀ kan ní?

Rárá o, ìka ò dọ́gba. ACIS tó jẹ́ kámẹ́rà orí Chandra ní ṣíìpù CCD (ṣíìpù sílíkónì tó ń gba ìmọ́lẹ̀) 10, ṣíìpù kọ̀ọ̀kan ní ìlà 1024 tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní píksẹ́lì 1024, ẹnu mẹ́rin ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbà jáde lára ṣíìpù kan, ẹnu kọ̀ọ̀kan ló ní ámpílífáyà tiẹ̀. Lára ṣíìpù kan náà, píksẹ́lì tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà yàtọ̀ sí èyí tó jìnnà. Torí náà ẹ má ro géènì bíi nọ́ńbà kan, ẹ rò ó bíi máàpù, máàpù tó tún ń yí padà bí ọjọ́ ṣe ń lọ àti bí ṣíìpù ṣe ń gbóná tàbí tutù.

Kílódé tí wọn ò wọ̀n ọ́n parí lórí ilẹ̀ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé e lọ?

Wọ́n wọ̀n ọ́n. Ilé ìdánwò X-ray tó wà ní Marshall Space Flight Center ní Huntsville, Alabama, ni wọ́n ti yẹ dígí àti kámẹ́rà Chandra wò tinútòde. Ohun tí wọ́n wọ̀n lórí ilẹ̀ ṣì wúlò títí di òní, òun ni ìpìlẹ̀.

Ṣùgbọ́n July 23, 1999 ni Chandra gbéra, kò pé oṣù mélòó kan tí nǹkan fi yí padà. Ọ̀nà tó ń tọ̀ yí ayé po máa ń gba inú ìgbànú ìtànṣán tó yí ayé ká kọjá, àwọn pírótọ́ọ̀nù tí agbára wọn kéré wá ń ta bọ́ lára dígí bí X-ray ṣe ń ta, wọ́n sì ń bọ́ sórí ACIS tó wà lójú ibi tí dígí ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí. Ṣíìpù mẹ́jọ tí wọ́n kọ iwájú sókè ló fara gbá a, torí ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbà kọjá lára wọn ò jìnnà sí ojú ṣíìpù. Méjì tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sókè, S1 àti S3, mórí bọ́, pírótọ́ọ̀nù ò lè wọlé dé ibi tó ti máa ṣe wọ́n níbi. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń gbé ACIS kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n tó wọ ìgbànú yẹn. Àmọ́ ohun tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́, máàpù géènì tí wọ́n gbé wá láti Alabama ò bá ṣíìpù mẹ́jọ yẹn mu mọ́.

Kíni Fe-55 tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ?

Ẹ̀yà irin tí kì í dúró ni, ó ń yí padà di mangánísì díẹ̀díẹ̀, bó sì ṣe ń yí padà ló ń tú X-ray mangánísì jáde: ìlà ńlá kan (ìyẹn ibi tí X-ray pọ̀ sí ní agbára kan ṣoṣo) ní 5.9 keV, kékeré kan ní 6.49 keV. Agbára ìlà wọ̀nyí kì í yí padà, bó ṣe wà nínú láàbù náà ló wà lójú òfuurufú, ìdí nìyẹn tó fi dà bí òkúta ìwọ̀n tí kò sẹ́ni tó lè gé jẹ lára ẹ̀. Ẹ gbé e síwájú dítẹ́kítọ̀, ẹ wo nọ́ńbà tí dítẹ́kítọ̀ kọ, ẹ ti mọ géènì níbẹ̀ yẹn.

Ìlà kan ò tó ṣá, ẹ nílò ó kéré tán méjì kẹ́ ẹ tó lè fa ìlà gbọọrọ, ẹ sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlà náà wọ́. Lórí Chandra wọ́n fi alumíníọ̀mù àti titéníọ̀mù síwájú Fe-55 yẹn kí àwọn náà lè máa tàn, wọ́n fi rí ìlà ní 1.49 keV àti 4.51 keV kún un. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀ ni àkókò tí wọ́n ń lò ó: ìgbà tí wọ́n bá gbé ACIS sá fún ìgbànú ìtànṣán yẹn, ibi tó sá sí gan-an ni orísun yẹn wà, torí náà àkókò tí wọn ì bá fi jókòó lásán ni wọ́n fi ń ṣe kálíbréṣọ̀n, ní gbogbo ìgbà tí sátẹ́láìtì bá yípo, ìyẹn bíi wákàtí 64 sí 64.

Ṣùgbọ́n Fe-55 ń tán lọ. Kí ni wọ́n ń lò báyìí?

Òótọ́ ni. Lẹ́yìn bíi ọdún 2.7, ìdajì ẹ̀ ti lọ. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ fún ọdún 25, ohun tó kù ò tó ìkan nínú 500. Tẹ́lẹ̀ wákàtí díẹ̀ máa ń tó láti rí ìlà tó mọ́ gaara, ní báyìí ẹ lè kó dátà oṣù mélòó kan pọ̀ kó má tó fún igun kékeré kan lára ṣíìpù.

Ojú ọ̀run ni wọ́n wá yíjú sí. Cas A, ìyókù ìràwọ̀ kan tó bú gbàmù, ní ìlà sílíkónì, sọ́lfọ̀, ágọ́ọ̀nù, kálísíọ̀mù àti irin tó ń tàn rekete, wọ́n á máa gbé e káàkiri ojú ṣíìpù kí ibi gbogbo lè rí i. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gáàsì Cas A ń sáré ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà ìlà ẹ̀ ò sí níbi tí ìwé láàbù sọ pé ó yẹ kó wà. Ẹ ò lè lò ó bí òkúta ìwọ̀n gidi, ohun tẹ́ ẹ lè fi ṣe ni ìfiwéra: ibi yìí lára Cas A, lára ṣíìpù yìí, báwo ló ṣe rí nígbà tí Fe-55 ṣì lágbára, báwo ló ṣe rí lónìí. Fún agbára kékeré, ìyókù ìràwọ̀ míì ni wọ́n ń lò, 1E 0102.2-7219, tó wà nínú Small Magellanic Cloud, gàláksì kékeré kan tó wà nítòsí tiwa, ọ́síjìn ẹ̀ ń tàn ní 0.57 àti 0.65 keV, níọ́ọ̀nù ẹ̀ ní 0.92 àti 1.02 keV. IACHEC, ẹgbẹ́ àwọn tó ń bójú tó kálíbréṣọ̀n sátẹ́láìtì X-ray káàkiri ayé, fi í wọ̀n oríṣiríṣi dítẹ́kítọ̀ pọ̀ láti mọ èyí tó ń ṣini lọ́nà.

Kíni CTI, kí ló sì kàn án pẹ̀lú géènì?

Ẹ wo ọmọ tó lọ pọnmi lódò. Bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó, bí kòtò ojú ọ̀nà bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni omi tó máa dànù kó tó délé ṣe máa pọ̀ tó. Bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń rìn nínú CCD nìyẹn, láti píksẹ́lì kan sí èkejì títí á fi dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo ibi tí pírótọ́ọ̀nù ti ba sílíkónì jẹ́ sì ti di kòtò. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn ní ìlà 1000 á pàdánù jù èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlà 10 lọ fíìfíì, fótọ́ọ̀nù méjì tí agbára wọn dọ́gba á wá dà bíi pé wọn ò dọ́gba. Ìpàdánù yẹn ni wọ́n ń pè ní CTI (charge transfer inefficiency).

Kòtò tó ti kún ò lè gba omi míì. Tí pátíkù òfuurufú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tiẹ̀ á ti dí kòtò yẹn, fótọ́ọ̀nù tó tẹ̀lé e ò ní pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé CTI gan-an ń yí padà bí pátíkù òfuurufú ṣe ń pọ̀ tó ń dín, ó sì ń bá ìyípo bí oòrùn ṣe ń le tó sì ń rọ̀ rìn. Àwọn ará Japan lo ọgbọ́n yẹn lórí Suzaku, sátẹ́láìtì X-ray wọn, láti 2006: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sínú àwọn ìlà kan láti dí kòtò sílẹ̀ kí fótọ́ọ̀nù tó dé. Ó ṣiṣẹ́ gan-an, èmi ka ọgbọ́n yẹn sí ọ̀kan lára àwọn tó dáa jù nínú iṣẹ́ yìí.

Kílódé tí wọ́n ń pariwo ìwọ̀n òtútù?

Torí bí kòtò yẹn ṣe ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tó sì ń tú u sílẹ̀, ọwọ́ òtútù ló wà. Lẹ́yìn ìbàjẹ́ 1999 wọ́n mú ACIS tutù sí i, láti January 2000 ló ti ń ṣiṣẹ́ ní −120°C torí ibẹ̀ ni CTI àwọn ṣíìpù tó bàjẹ́ ti rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tó ń dáàbò bo sátẹ́láìtì lọ́wọ́ oòrùn ti gbó, ó ti ń ṣòro láti dúró sí −120 nígbà gbogbo. Dátà tí wọ́n gbà nígbà tó gbóná díẹ̀ nílò àtúnṣe tiẹ̀, sọ́fítíwíà ń ṣe é, àmọ́ tí iṣẹ́ yín bá dá lórí eV mélòó kan péré, ẹ wo ìwọ̀n òtútù ọjọ́ yẹn nínú fáìlì kẹ́ ẹ tó gba ohunkóhun gbọ́.

PHA àti PI, ṣé nǹkan kan náà ni?

Rárá. PHA ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kọ, kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. PI ni ohun tó jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti lo géènì, CTI àti àtúnṣe ọjọ́ orí sí i. Lórí ACIS, ihò PI kan (channel) fẹ̀ tó 14.6 eV, ti NICER 10 eV, ti NuSTAR 40 eV (àwọn méjèèjì yìí jẹ́ awò X-ray NASA míì). Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fa spẹ́kítírọ́ọ̀mù (bí iye X-ray ṣe rí ní agbára kọ̀ọ̀kan), PI ni kẹ́ ẹ lò.

Dátà 2003 ni mo fẹ́ lò, ṣé mo gbọ́dọ̀ tún un ṣe ni?

Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ tún un ṣe. Dátà náà ò yí padà, ohun tá a mọ̀ nípa géènì ọdún 2003 ló ti yí padà. Fún Chandra, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n pín àtúnṣe ọjọ́ orí sí, sọ́fítíwíà chandra_repro pẹ̀lú CALDB (àkójọ fáìlì kálíbréṣọ̀n) tuntun á mú èyí tó bá ọjọ́ dátà yín mu fúnra ẹ̀. Fún XMM-Newton, sátẹ́láìtì X-ray ti Europe, sọ́fítíwíà cifbuild lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà epproc tàbí emproc. NuSTAR, nupipeline. NICER, nicerl2.

Ohun tí mo máa ń rí tó ń dùn mí ni kéèyàn fi dátà tó tún ṣe lónìí wé èsì tí ẹlòmíì kọ ní ọdún 15 sẹ́yìn, kó wá sọ pé ìlà ti sún, gáàsì ti yára sí i. Ẹ tún méjèèjì ṣe pẹ̀lú CALDB kan náà ná.

Àṣìṣe eV díẹ̀ péré, kí ló lè bàjẹ́?

Ó da lórí ohun tẹ́ ẹ ń wá. Tó bá jẹ́ bóyá gáàsì gbóná tó mílíọ̀nù mẹ́wàá tàbí mílíọ̀nù ogún dígírì, ó lè má ṣe nǹkan kan. Tó bá jẹ́ eré tí gáàsì ń sá lẹ ń wọ̀n, ẹ̀yin ẹ wò ó: ìlà irin tó wà ní 6.7 keV, tí géènì bá fi 1 eV péré ṣì, ó ti di bíi 45 km/s. 10 eV di 450 km/s. Bẹ́ẹ̀ Hitomi, sátẹ́láìtì X-ray Japan, kó tó sọnù ní March 2016, wo àgbájọ gàláksì Perseus, ó sì rí i pé gáàsì ibẹ̀ ń rú ní 164 km/s, àṣìṣe ẹ̀ ò ju 10 km/s lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Irú iṣẹ́ báyẹn ò gba géènì tó ń mì.

Ṣé dítẹ́kítọ̀ CCD lè wọ̀n eré gáàsì nígbà náà?

Ó ṣòro, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe é. Àwọn ẹgbẹ́ tí Jeremy Sanders ṣáájú ṣàkíyèsí pé EPIC-pn, kámẹ́rà XMM-Newton, ní ìlà bàbà kan ní 8.04 keV tó máa ń wà nínú gbogbo dátà ẹ̀, torí pátíkù òfuurufú ń lu bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀, bàbà inú bọ́ọ̀dù yẹn á sì tàn. Ariwo tí gbogbo wa máa ń yọ dànù ni wọ́n sọ di òkúta ìwọ̀n. Níbi tí pátíkù ti ń lù ú lójoojúmọ́, géènì ọjọ́ yẹn gan-an ni ìlà yẹn ń sọ, wọ́n sì fi wọ̀n eré gáàsì àgbájọ gàláksì Perseus àti Coma ní 2020, àṣìṣe ẹ̀ ò ju 150 km/s lọ.

Ibì kan wà tó ń díni lọ́wọ́: bọ́ọ̀dù yẹn ní ihò láàárín, ìlà bàbà ò sí ní àárín dítẹ́kítọ̀ níbi táwọn èèyàn máa ń gbé ohun tí wọ́n ń wò sí. Ẹ ní láti gbé e sí ẹ̀gbẹ́.

Resolve orí XRISM ńkọ́, ṣé géènì tiẹ̀ náà ń yẹ̀?

Ó ń yẹ̀, lọ́nà tiẹ̀. Resolve, dítẹ́kítọ̀ orí XRISM tó jẹ́ sátẹ́láìtì X-ray Japan, ò ka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ooru ló ń wọ̀n: píksẹ́lì ẹ̀ tutù dé 0.05 kelvin, fótọ́ọ̀nù á kọlu ú, á gbóná táì, bó ṣe gbóná tó ni agbára fótọ́ọ̀nù yẹn. Ìlà ẹ̀ tinrin, bíi 4.5 eV ní 6 keV, nígbà tí ti CCD lé ní 120 eV. Ṣùgbọ́n tí ibi tó jókòó lé bá gbóná tàbí tutù díẹ̀ báyìí, géènì ti sún nìyẹn.

Píksẹ́lì 36 ló ní. Ọ̀kan nínú wọn ò rí ọ̀run rárá, Fe-55 tiẹ̀ nìkan ló ń wò tọ̀sántòru, òun ló ń sọ bí géènì gbogbogbòò ṣe ń rìn. Ọ̀kan yẹn ò lè sọ ti àwọn 35 yòókù tán, torí náà wọ́n tún máa ń yí àgbá fíltà kí Fe-55 míì lè tàn sí gbogbo wọn láti ìgbà dé ìgbà nínú wíwò kan. Àárín ìgbà méjì yẹn, fífa ìlà so wọ́n pọ̀ ni. Píksẹ́lì 27 kì í gbà, géènì ẹ̀ máa ń dédé fò, torí náà yíyọ ni kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú dátà yín.

NuSTAR ń wo X-ray líle, ṣé Fe-55 tó fún un?

Kò tó, iṣẹ́ NuSTAR ń lọ dé 79 keV. Europium-155 ni wọ́n ń fà síwájú dítẹ́kítọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà ẹ̀ wà ní bíi 86.5 àti 105 keV. Òun náà ń tán lọ, ìdajì ẹ̀ ń lọ kó tó pé ọdún márùn-ún.

Ṣé ìmọ́lẹ̀ lásán lè ba géènì jẹ́?

Ó lè bà á jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ojú lásán náà ń já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀, ẹ̀rọ á sì kà wọ́n mọ́ ti X-ray. NICER tó wà lórí International Space Station ni ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù, ní May 2023 ìbòjú ẹ̀ ya, oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, nígbà tí ojúmọ́ bá wà níbẹ̀ dátà máa ń dàrú, astronọ́ọ̀tì Nick Hague sì jáde síta ní January 2025 láti lẹ ibẹ̀. Dátà àárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹ ya ti òru sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọ̀sán.

Módẹ́ẹ̀lì mi ò bá dátà mu, ṣé kí n kàn lo gain fit nínú XSPEC?

Ìbéèrè tó le jù lẹ bi yìí. Gain fit, àṣẹ kan nínú XSPEC (sọ́fítíwíà tá a fi ń wé módẹ́ẹ̀lì mọ́ dátà), á yí géènì, á sì yí ibi tí òdo ti bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà méjì tó ní òmìnira, ó lè mú kí módẹ́ẹ̀lì tí kò dáa rí bíi pé ó dáa. Mo ti rí ẹni tó gba chi-square (nọ́ńbà tó ń sọ bí módẹ́ẹ̀lì ṣe bá dátà mu tó) tó rẹwà bẹ́ẹ̀, ìlà tó yẹ kó sọ̀rọ̀ nípa ìràwọ̀ ti wọ inú géènì lọ, kò sẹ́ni tó rí i mọ́.

Ìgbà tí mo máa gbà kẹ́ ẹ lò ó nìyí: ẹ wo ibi etí sílíkónì (ibi tí sílíkónì ti ń gba X-ray mọ́ra lójijì) ní 1.84 keV àti etí wúrà dígí ní bíi 2.2 keV, fún sátẹ́láìtì tí wúrà wà lára dígí ẹ̀ (ti Chandra, irídíọ̀mù ni, ní bíi 2.1 keV). Tí ìyàtọ̀ tó wà láàárín dátà àti módẹ́ẹ̀lì bá lọ sókè tó sì já wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ní ibi méjèèjì, ní apá kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ géènì lóòótọ́. Tó bá jẹ́ ibì kan péré, tàbí níbi tí kò sí etí, ẹ padà sídìí módẹ́ẹ̀lì. Ẹ wo iye tó fún yín náà, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó dín ṣì lè rí bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ tó bá sọ pé ìdá márùn-ún, kálíbréṣọ̀n ò lè bàjẹ́ tó yẹn kí ẹgbẹ́ kálíbréṣọ̀n má mọ̀. Tẹ́ ẹ bá lò ó, ẹ kọ iye méjèèjì sínú iṣẹ́ yín gbangba.

Mo rí ìlà kékeré kan tí kò sí nínú ìwé kankan, ṣé àwárí ni àbí géènì?

Ẹ rántí ìlà 3.5 keV ti 2014. Àwọn kan kó àgbájọ gàláksì 73 jọ, wọ́n rí ìlà tínńtín kan ní bíi 3.55 keV, ayé gbọ́ pé bóyá ohun dúdú tó kún àgbáyé (dark matter) ló ń jẹra. Ìlà yẹn kéré débi pé bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó yí i ká ni, àṣìṣe kálíbréṣọ̀n kékeré lè tó o. Ohun tí wọ́n ṣe dáadáa ni pé ọ̀nà jíjìn àgbájọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, nígbà tí wọ́n sì ti yí agbára ìlà gbogbo wọn padà sí bó ṣe rí níbi tí àgbájọ kọ̀ọ̀kan wà gan-an, ohunkóhun tó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ á túká. Síbẹ̀ nígbà tí Hitomi wo Perseus, ìlà tó lágbára tí wọ́n sọ pé ó wà níbẹ̀ ò yọjú.

Torí náà, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe: ẹ wò ó bóyá ìlà yín sún pẹ̀lú ọ̀nà jíjìn ohun tẹ́ ẹ ń wò tàbí ó dúró sójú kan lára dítẹ́kítọ̀. Ẹ wá a nínú dátà ẹ̀gbẹ́ tí kò sí nǹkan kan. Ẹ wo ṣíìpù tó kọ iwájú àti èyí tó kọ ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ rántí ìlà tó jẹ́ ti ẹ̀rọ fúnra ẹ̀: alumíníọ̀mù ní 1.49, sílíkónì ní 1.74, wúrà ní bíi 2.1, níkẹ́lì ní 7.47. Ẹ wá gbé e lọ bá sátẹ́láìtì míì tí géènì ẹ̀ ò bá tiyín tan rárá. Tó bá ṣì wà níbẹ̀, ní agbára kan náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé yín.